Ojú-Ìwé Kìíní

"Fi fóònù ẹ ya fọ́tò ìwé yẹn jàre," Kerwin, ọ̀rẹ́ mi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja, sọ sí mi létí. "Kí bàbá mi lè fọkàn balẹ̀."

Nánà, bàbá tó bí ìyá mi, ti sùn lọ lórí àga, rótì rẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ti tutù níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ kọ láti sọ níwájú àwọn aṣòfin. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń ka àbádòfin tí yóò lé àwọn apẹja kúrò ní etíkun Couva, ìlú wa, kí wọ́n lè kọ́ èbúté síbẹ̀. Ilé Aṣojú ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó wá ku Ilé Aṣòfin Àgbà, níbi tí Ààrẹ yan Nánà sí. Kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹnikẹ́ni ò sì dìbò fún un.

"Iṣẹ́ tiwa ni ká tún un wò," ló máa ń wí. "Ohun tí àwọn tó ń kánjú ò rí, àwa la óò wá a."

Mo mọ̀ pé kò dáa, àmọ́ ojú ń tì mí láti sọ pé rárá fún Kerwin. Mo ya fọ́tò ojú-ìwé kìíní. Ni Nánà bá mira, mo sá jáde, mo sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Kerwin.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò náà ti kárí ìlú. "Èbúté yìí yóò fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́," Nánà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja kún ẹnu géètì wa.

"Tíṣà, ẹ ti tà wá! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa níwèé!"

Nánà pè mí, ó na ojú-ìwé kejì àti ìkẹta sí mi. Gbogbo ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n lé wọn ló wà níbẹ̀.

"Shivani, ọ̀rọ̀ ẹni tí mi ò fara mọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, kí n tó dá a lóhùn. Ṣebí o mọ̀?"

Mo mọ̀. Bó ṣe kọ́ èmi náà láti máa kọ àròkọ nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nánà, ẹ jẹ́ n lọ ṣàlàyé fún wọn."

"Lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ẹni tí a ò dìbò yàn, ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ló ní."

Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Nánà dìde ní Ilé Aṣòfin Àgbà láti dábàá àtúnṣe pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá etíkun mìíràn fún àwọn apẹja, mínísítà kan ka ojú-ìwé kìíní náà sí i létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tó ti ṣèlérí láti tì í lẹ́yìn yí padà. Ìbò kan ṣoṣo ni àtúnṣe náà fi ṣubú, wọ́n sì fọwọ́ sí àbádòfin náà.

Mo bá bàbá Kerwin létíkun, ó ń so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ya fọ́tò náà. Kò jágbe mọ́ mi.

"Àwa náà ò béèrè ojú-ìwé kejì," ó ní, ó sì ń fa okùn rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi fi apá kan ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú. Mo fi ìkánjú ba iṣẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má kánjú.