Omi Lórí Ẹsẹ̀ Àìná

Omi tútù ni Ìyá Ẹfúnyẹmí fi dán ẹsẹ̀ irin náà wò. Ó rọra dà á sórí ìka rẹ̀, ó ní, "Àìná, ṣé ó tutù?"

"Ó tutù, Ìyá!" Àìná, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, bú sẹ́kún ayọ̀. Láti ọjọ́ tí ògiri ti wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n sì gé wọn, ni kò ti mọ bí ilẹ̀ ṣe ń rí lára mọ́.

Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí rí ní Òkè-Pupa, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sábẹ́ òrùlé dígí nínú ayé mìíràn lókè ọ̀run. Ẹsẹ̀-amọ̀lára ni Dókítà Akíntáyọ̀ tó ṣe é pè é. Okùn tín-ín-rín kan so ó mọ́ iṣan itan, òun ló ń ròyìn ilẹ̀ fún ọpọlọ. Ẹsẹ̀ náà yára púpọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kì í ká ju ìwọ̀n tí eré ń fẹ́ lọ. Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ṣe ẹsẹ̀, ó gbàgbé ìkúnlẹ̀!

Nígbà tí Àìná, aránṣọ ẹni ogójì ọdún, ní òun á bá àwọn ọ̀dọ́ sá eré ìje ọdún, ẹ̀rín pa ìlú. "Ìyá aránṣọ, ṣé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ fi sá a?" Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń fẹ́ ò pọ̀: "pẹ̀lẹ́" tí gbogbo ayé ń kí i ti sú u. Ó fẹ́ kí wọ́n kí i ní "kú oríire" lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́jọ́ eré, tọkùnrin tobìnrin kúnlẹ̀ gba omi ìre lọ́wọ́ Ìyá Ẹfúnyẹmí, àgbà obìnrin ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹni tí kò bá gbà á kò ní sáré. Àìná nìkan ló dúró gbagidi.

"Àìná, omi kì í ṣàn gòkè. Kúnlẹ̀."

Dókítà sáré bọ́ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kó dúró gbà á. Ẹsẹ̀ yẹn ò ṣeé kúnlẹ̀."

"Akíntáyọ̀, ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ fi bí ọ. Irú ẹsẹ̀ wo lo wá ṣe tí ò mọ ìkúnlẹ̀?"

"Màá bọ́ ẹsẹ̀ náà," ni Àìná wí.

Dókítà yára sọ fún un létí pé, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lokùn yẹn ń so mọ́ iṣan. Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, irin á ṣì máa sáré, àmọ́ ẹ ò ní mọ ilẹ̀ lára mọ́ láé."

Àìná wo ife omi tó wà lọ́wọ́ Ìyá. Tó bá padà sílé, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Wọ́n á kàn ní "pẹ̀lẹ́" ni. Ó tú ẹsẹ̀ náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀nba itan tó kù fún un, ó sì mu omi náà.

"Wàá débi tó ò ń lọ," ni Ìyá súre fún un.

Kó tó de ẹsẹ̀ padà, eruku àwọn yòókù nìkan ló kù. Ojú ló fi ń wá ibi tó máa tẹ̀, torí ẹsẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún un mọ́. Síbẹ̀ ó ń lé wọn bá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń pariwo "Ìyá aránṣọ!" kíkankíkan. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n débi ìlà òpin, ó kọjá Láníyọnu, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣíwájú gbogbo wọn.

"Kú oríire!" gba ìlú kan. Kò sẹ́ni tó rántí pẹ̀lẹ́. Inú Àìná dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ìyá Ẹfúnyẹmí gba àárín èrò kọjá tòun ti ife rẹ̀. Ó da omi tó ṣẹ́ kù sórí ẹsẹ̀ tó ti kún fún eruku. Ó gbójú sókè, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ó tutù?"

Dókítà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àìná wo omi náà bó ṣe ń ṣàn gba àárín ìka irin rẹ̀.

"Ó tutù, Ìyá," ló wí. "Ó tutù gan-an."