Páálí Ìṣáná Abẹ́ Ìdérí Dùùrù

Kí dùùrù ìjọ wa ní Ìjokù tó fọhùn, ó máa ń kọ́kọ́ mí: fùùù, bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àga jókòó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ṣàgámù, ìró yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1995, tí ìkórè ku ọ̀la, dùùrù náà ò mí mọ́. Pá Akínṣọlá, tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wá gbìyànjú orin tó fẹ́ fi dágbére fún ìjọ. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò: ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ la awọ ẹwìrì tó ń fún un ní atẹ́gùn, láti òkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè rán irú awọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Rẹ́mọ. Baba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù dé láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ilẹ̀kùn ò já, fèrèsé ò fọ́. Páálí ìṣáná òfìfo kan ló rí nílẹ̀.

"Baba, kí lèyí?"

"Abẹ́ ìdérí ni mo ti bá a nígbà tí mo fẹ́ ṣí i. Wọ́n fi há a kó má bàa pa dé. Èmi kọ́ o. Dídé pa ni mo máa ń dé e, màá wá fi aṣọ bò ó."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ atẹ dùùrù: èmi, Olúkẹ́mi, àti Boaz akọ̀wé wa."

Olúkẹ́mi, tíṣà girama ní Ìpẹru, fi ìbínú wọlé. "Màdáámù, èmi tí Baba fẹ́ fi àga lé lọ́wọ́ lọ́la! Kí n gé e tán, kí n wá máa tẹ kí ni? Tábìlì?"

"Báwo lẹ ṣe máa ń dé e?"

"Pa ni, pẹ̀lú aṣọ lórí. Bí Baba ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Ẹ̀rín ni Boaz bá wọlé ní tiẹ̀, ó gbé ìdì ìwé kan mọ́yà. "Màdáámù, ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ mọ dùùrù yàtọ̀ sí àpótí aṣọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ni mo fi ń béèrè. Kí lẹ dì yẹn?"

"Ìwé òpin sáà ẹgbẹ́ wa ni, ìròyìn àti ìránnilétí. Ọ̀la la máa pín in."

"Ta ló ti kà á?"

"Kò sẹ́ni. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lánàá, èmi ni mo dì í. Ojú ẹlòmíì ò tíì kàn án."

Wúlẹ̀mọ̀tù tú ìdì náà, ó sì kà á sókè. "'Arábìnrin Olúkẹ́mi ni yóò gba ipò Baba Akínṣọlá. Ẹ dá ìwé orin ẹgbẹ́ padà. Ẹ má ṣe dé dùùrù pa mọ́ láti sáà yìí lọ, èéhù ló ba ti Òde Rẹ́mọ jẹ́. Ẹ fi páálí ìṣáná há ìdérí, kí atẹ́gùn lè wọlé.'"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Boaz.

"Àwọn méjì yìí ń dé e pa," ni ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òfin tuntun, torí òun ló ṣe é. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwé yìí tán ni, òfin náà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pa dùùrù tán, ẹ tún ń tọ́jú ẹ̀ kó má hu èéhù."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń ṣí ìwé orin fún Baba!" Boaz bú sígbe. "Bí wọ́n bá ń ṣàìsàn, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá ní kí n fọwọ́ ara mi tẹ orúkọ ẹlòmíì!"

Baba gbójú sókè. "Boaz, kí ló mú ọ ṣí ìdérí? Ẹ̀yìn ni ẹwìrì wà."

"Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni, sà."

Boaz ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tó jáde, ó ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Baba lọ́dọọdún, Baba ò fèsì. Dùùrù náà ò dún mọ́. Lọ́dún 1999, tí ẹsẹ̀ Baba ti wú tí kò lè dìde mọ́, ó ní kí Olúkẹ́mi mú bírò wá. Ohun tó ní kó kọ ránṣẹ́ ò ju báyìí lọ:

"Boaz, mo ti dárí jì ọ́. Má wá síbi ìsìnkú mi."