Èjìká Òsì

Èjìká òsì ni Àkànó dì mú tó fi kú. Ó gbé àpò kòkó gun òkè oko wọn ní Ọ̀tan-Ilé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní èjìká ń ro òun, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Ọkùnrin tó jẹ iyán láàárọ̀ ọjọ́ náà! Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á.

Yèyé Dúróoríkẹ́ ni. Òun ni ìyàwó ìkẹyìn tí bàbá Àkànó fẹ́, ọmọ Òṣogbo, àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ń bọ Ọ̀ṣun. Kò bímọ. Òun ló máa ń fi òrí ra ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ oko bá fa iṣan rẹ̀ ya ní agboolé náà, ó sì ti ra èjìká Àkànó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ilé tó ti tipa rẹ̀ bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tí iná jó lọ.

Julianah, opó Àkànó, ni kò jẹ́ kó sinmi.

"Yèyé, kí lẹ fi sínú òrí yẹn?"

"Òrí lásán ni, Julianah. Òun náà ni mo fi ra ìwọ nígbà tí o bímọ."

"Ẹ má dárúkọ ọmọ mi! Ọwọ́ yín kan ọkọ mi, ọkọ mi kú. Ẹ jẹ́wọ́!"

Ó gba ìkòkò òrí náà, ó lọ dà á sígbó. Akínkúnmi, àbúrò Àkànó, ló ń làjà nígbà náà.

"Ìyàwó wa, ẹ rọra. Àgbàlagbà ni."

Ṣùgbọ́n àwọn lébìrà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko gbọ́ pé àjẹ́ wà nínú ilé, wọ́n sì sá lọ. Akínkúnmi nìkan ló wá ń já kòkó oko tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń na ọ̀pá gígùn sókè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, èjìká òsì tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lọ́jọ́ náà gan-an, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, òwìwí kan bà lé òrùlé ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí, ó ké. Eku ló pọ̀ níbẹ̀, eku ló wá jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí eku nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á?

"Bàbá Tinú, ó ti kàn yín," ni Julianah wí fún Akínkúnmi.

Onílàjà di onítìmọ́lé. Akínkúnmi fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn Yèyé láti ìta, ó ní àfi bó bá jẹ́wọ́ ni yóò jáde, ó sì búra pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan òun láéláé. Orí pákó ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lé, tí wọ́n á fi tì í wọlé láti ojú fèrèsé, kí ọwọ́ má baà kan ọwọ́.

Yèyé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ ohun kan náà, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀. Àbí àjẹ́ ni mí tí mi ò mọ̀? Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan, ó ń sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Akínkúnmi fẹ́ lọ fi èjìká rẹ̀ han dókítà ní Iléṣà, Yèyé dìrọ̀ mọ́ fèrèsé. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ó fọwọ́ di àgbọ̀n mú.

"Akínkúnmi, àgbọ̀n ń ro mí, ó dé ẹ̀yìn. Mi ò rí èémí mí dáadáa. Mo ti bì." 

Julianah pàtẹ́wọ́. "Ó ti fẹ́ máa kà! Ẹ fi í sílẹ̀, kó kà bòròbòrò!"

Akínkúnmi wo Yèyé, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó lọ.

Ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan tó wé híjáàbù, Dókítà Munawwarah, ló dá a lóhùn. Ó tẹ èjìká náà, Akínkúnmi figbe ta. Ó ní kó gbé apá sókè, ó tún ké.

"Tẹ́ ẹ bá gun òkè láìgbé apá sókè ńkọ́?"

"Kì í ro mí."

"Ṣé òógùn tútù máa ń bò yín? Ṣé ó máa ń dé àgbọ̀n? Ṣé èébì máa ń gbé yín?"

"Rárá."

Wọ́n lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà, dókítà sì wo àbájáde rẹ̀. "Ọkàn yín ò ṣe nǹkan kan, bàbá. Iṣan ni. Béèyàn bá tẹ iṣan tàbí tó gbé apá, ó máa ń ro ó sí i. Ti ọkàn yàtọ̀. Ẹ lè tẹ èjìká títí, kó má dáhùn, torí kì í ṣe ibẹ̀ ló ti wá. Iṣẹ́ líle àti òkè gígun ló sábà máa ń ru ú sókè. Ó sì lè má dé èjìká rárá, pàápàá lára obìnrin: àgbọ̀n, ẹ̀yìn, èébì, òógùn tútù. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ nìkan mọ̀ ọ́n dájú, òun la ṣe fi ẹ̀rọ wò ó."

Lójú inú, Akínkúnmi rí Àkànó lórí òkè pẹ̀lú àpò kòkó. Lẹ́yìn náà ló rí fèrèsé Yèyé. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú àpò, ó kan kọ́kọ́rọ́.

"Dókítà, mo ti ẹnì kan mọ́lé."

Nígbà tó ṣàlàyé, dókítà dìde. "Ẹ gbé e wá kíá! Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn."

Inú ọkọ̀ ló ti pe Julianah. "Ìyàwó wa, ẹ fọ́ ilẹ̀kùn Yèyé!"

"Èmi? Kí n ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó pa ọkọ mi? Ó ti dákẹ́ báyìí. Ó ti kà tán."

Akínkúnmi bú sẹ́kún lójú awakọ̀.

Àgbàrá ti wa ọ̀nà ilé wọn, ọkọ̀ tó háyà kò lè gun òkè náà. Ó sáré gùn ún. Kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ráyè ṣí ilẹ̀kùn. Yèyé wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí díẹ̀díẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà wà lófuurufú, kò fi kàn án, díẹ̀ ló kù kó ré bọ́ sẹ́yìn.

"Yèyé, ẹ dì mí mú!"

"O ní ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kàn ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé. Ẹ di èjìká mi mú."

Ó dì í mú. Ìrora náà wọ Akínkúnmi dé eegun, ṣùgbọ́n kò ké, ó gbé e kọjá níwájú Julianah, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀.

Yèyé kò kú. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ọ̀tọ̀ lohun tí wọn ì bá máa sọ.

Lọ́jọ́ tí Yèyé padà dé, Akínkúnmi gbé àpótí síwájú rẹ̀ láàárín agboolé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó jókòó. Julianah, tó ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ, jáde wá pẹ̀lú òrí tuntun. Ó gbé e kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Yèyé.

Yèyé wo òrí náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó bu díẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò lé èjìká òsì náà, ó tẹ̀ ẹ́. Igbe tí Akínkúnmi ké, àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè gbọ́ ọ.

"Ẹ má bẹ̀rù," ni Yèyé wí. "Iṣan ni."