Èdè Tí Òjò Kò Lè Bò Mọ́lẹ̀

Òjò ń rọ̀ lórí páànù bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti òkè, ó sì yẹ kí gbogbo kíláàsì ilé-ìwé ìjọba náà ti di ariwo. Kò sí olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ lè borí irú òjò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó fi ọ̀rá wé ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀wù, ohun tí ó rí lójú fèrèsé kíláàsì kẹta mú kí ó gbàgbé pé omi ń kán lára òun.

Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ó wà níbẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lórí àga ẹni méjì. Kò sí ẹni tí ó ń pariwo. Ojú gbogbo wọn wà lára obìnrin kan tí ó dúró níwájú pátákó láìla ẹnu rárá. Ọwọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ìka sókè, ó yí ọrùn ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àyà, ó sì tún nà án síwájú. Àwọn ọmọ náà gbé ọwọ́ tiwọn sókè, wọ́n dá a lóhùn. Ọmọ kan dìde, ó fi ọwọ́ sọ tirẹ̀, ejìká gbogbo kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín tí òjò kò jẹ́ kí etí gbọ́.

Ọdún mẹ́rin ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Ó ti jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ìwé wọn ga ju òun lọ. Kò rí irú èyí rí. Ńṣe ni ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ó ṣèèṣì wọ ibi tí a ti ń gbàdúrà.

Obìnrin náà yíjú, ó rí i. Ó wo aṣọ rẹ̀ tí ó rin gbindin, ó nàka sí ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì fi ọwọ́ sọ nǹkan kan fún àwọn ọmọ. Ejìká wọn tún mì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò dùn ún rárá.

Ọ̀gá ilé-ìwé, àgbàlagbà tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. "Kíláàsì kẹrin ni tiyín. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rin. Ìmọ̀ yín pọ̀, mo rí i nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohùn lẹ máa kọ́kọ́ nílò."

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Tíṣà Ìṣirò, bí àwọn ọmọ ṣe sọ ọ́ lórúkọ, kọ ètò ẹ̀kọ́ ojú ewé mẹ́rin fún iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Kò tíì kọjá ìlà kẹta tí àwọn ọmọ méjì fi wọ̀yá ìjà nítorí ìjókòó. Nígbà tí yóò fi là wọ́n, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kọrin. Ó pariwo ní ọjọ́ Ajé, ó pariwo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Ó jókòó sínú yàrá àwọn olùkọ́, ó fi iwájú orí lé ìwé tí a fi ń pe orúkọ, ó ń rò ó bóyá òun kò ní kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan gbé ife omi gbígbóná ka iwájú rẹ̀. Àǹtí kíláàsì kẹta ni.

"Ẹ mu ún díẹ̀díẹ̀," ni ó wí. "Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há kì í bá èèyàn jiyàn, irú wọn ló sì wù mí láti bá jókòó."

Tíṣà rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Ìyá mi ló kọ́ mi. Adití ni wọ́n. Ọwọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni." Ó jókòó. "Ẹ wò ó, ọmọ tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ yín ń sọ ní láti máa wò yín. Ẹni tó bá sì ń wò yín kò ráyè bá ẹnìkejì rẹ̀ jà."

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, Tíṣà wọ kíláàsì láìsọ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ ka oókan dé ẹẹ́wàá bí Àǹtí ṣe kọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ béèrè eéjì àti ẹẹ́ta. Ariwo náà rọlẹ̀ bí omi tí a gbé kúrò lórí iná, ọwọ́ kan sì gòkè lẹ́yìn: aárùn-ún. Lẹ́yìn náà, ogún ọwọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo kíláàsì. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú ọmọ mọ́kànléláàádọ́rin lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ lára èèyàn kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ náà, tí ilé-ìwé bá ti parí, ó máa ń lọ sí kíláàsì kẹta lọ kọ́ sí i. Àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ bí irun orí.

"Kí ni mo sọ?" ni ó béèrè lọ́jọ́ kan tí ó rí i tí ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí ẹ sọ ni pé kí n lọ wẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Inú ò bí mi. Mo kàn ń ronú bóyá ó yẹ kí n yí ọṣẹ padà ni."

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní Olójú-Ńlá. Kò gbọ́rọ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé méjì ti ní kí ó máa lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ṣì ń fọwọ́ ra orí nígbà tí Tíṣà Ìṣirò ní, "Ẹ fi í fún mi, sà. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀."

Àǹtí kíláàsì kẹta wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó sọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó mú Tíṣà lọ sílé, ó mú un lọ rí ìyá rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ni ìyá náà. Ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Ó wo àlejò náà láti òkè délẹ̀, ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí ó yá ju ohun tí ojú Tíṣà lè bá lọ.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹ tín-ín-rín."

"Ọ̀rọ̀ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó wolẹ̀. "Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá wọ ibí, èmi ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìwọ, àwọn gan-an lò ń wò."

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí "ẹ" di "o" lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà Ìṣirò mọ̀ ọ́n. Ó gbé e délé bí ẹni gbé ẹyin.

Aránṣọ ni ìyá Tíṣà. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì bí. Nígbà tí ọmọ náà sọ fún un pé òun fẹ́ fi Àǹtí kíláàsì kẹta, ọmọ oníbúrẹ́dì adití, ṣe aya, obìnrin náà dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Aṣọ ni mo rán tí mo fi rán ọ lọ sí yunifásítì," ni ó wí. "Mi ò rán ọ lọ kí o lọ mú adití wá sí ìdílé mi."

"Òun kọ́ ni adití, Màmá. Ìyá rẹ̀ ni."

"Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í sùn. Tí mo bá pe ọmọ-ọmọ mi, tí kò dáhùn ńkọ́? Kí ni kí n fi pè é?"

Tíṣà gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún olólùfẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mọ irọ́ pa. Ọmọbìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Àyànfẹ́ mi," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "mi ò lè wọ ilé tí ìyá mi ò ní lè wọ̀. Má bá ìyá rẹ jà nítorí mi. Ẹni tó dá tọ́ ọ ni."

Láti ọjọ́ kejì, tí aago ìparí iṣẹ́ bá ti lù, á ti kílẹ́kùn kíláàsì kẹta, á ti lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń kí ara wọn bí àjèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, aṣàyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ìjọba dé láti wá wo bóyá ó yẹ kí wọ́n fìdí iṣẹ́ Tíṣà tuntun náà múlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Tíṣà gbàgbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ sórí tábìlì nílé. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì gbé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ilé-ìwé.

Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí ó rọra dúró lójú fèrèsé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ pọ̀, méjèèjì ń lọ bí abẹ́rẹ́ àti òwú. Ọmọbìnrin kékeré kan wà nídìí pátákó, ó ń ṣe ìṣirò gígùn kan. Ó dúró. Ó fi ẹfun gún nọ́ńbà kan tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ, ó sì mi orí. Tíṣà wò ó, ó wò ó sí i, ó fi ọwọ́ lu iwájú orí ara rẹ̀. Òun ni ó ṣàṣìṣe. Gbogbo kíláàsì ju ọwọ́ sókè, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n bí adití ṣe ń pàtẹ́wọ́, aṣàyẹ̀wò sì rí i pé ọwọ́ òun náà ti gòkè.

"Ilé-ìwé méjì ló ti lé ọmọ yẹn," ni ọ̀gá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọmọ yín ló gbà á."

"Ṣé kò gbọ́ràn ni?"

"Kò gbọ́ ààrá, mà. Etí rẹ̀ di pátápátá."

Bí Olójú-Ńlá ṣe ń padà sí ìjókòó, ó rí ojú obìnrin náà ní fèrèsé. Ó wo Tíṣà, ó tún wo obìnrin náà, ó sì fi ọwọ́ sọ nǹkan kan sí i.

"Kí ló ń wí?" ni aránṣọ béèrè.

"Èmi ò mọ̀. Àǹtí kíláàsì kẹta ló máa mọ̀."

Aránṣọ fi ìwé ẹ̀rí náà lé e lọ́wọ́, ó sì lọ. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹta, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọwọ́ tí ó ti fi rán aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì tún ohun tí ọmọ náà ṣe ṣe.

Àǹtí mọ ẹni tí ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. "Ó ní ojú yín jọ ti tíṣà òun, mà. Ó ní ẹ káàbọ̀."

"Ọmọ tí mo bẹ̀rù pé kò ní dáhùn," ni aránṣọ wí, "òun ló kọ́kọ́ pè mí. Mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó tò sẹ́nu lójú ọ̀nà dàbí aṣọ tí kò bá ẹnikẹ́ni mu nígbà tí ó dé iwájú Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ìyá náà fún un ní àpótí, ó bu búrẹ́dì gbígbóná sí méjì, ó nawọ́ ìdajì sí i. Aránṣọ gbà á. Ibi tí ó ti ń jẹ ẹ́ ni ó ti rí okùn épírọ́ọ̀nù ìyá náà tí ó rọ̀ sórí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo. Ó yọ abẹ́rẹ́ tí ó máa ń wà láyà ẹ̀wù rẹ̀, ó dìde, ó sì rán an mọ́ ọn lọ́rùn láìbọ́ ọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ orí ba, ó dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi parí. Ó fọwọ́ tọ ojú rírán náà lọ, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wò, ó sì mi orí pé ó dára.

Omi bọ́ lójú aránṣọ. "Sọ fún wọn pé mo ti sọ̀rọ̀ tí kò dára nípa wọn."

Ọmọ náà sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ fèsì, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní adití ni àwọn, mà. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ."

Nígbà tí Tíṣà Ìṣirò wá ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀ ní ọ̀sán, pẹ̀lú ìròyìn pé iṣẹ́ òun ti fìdí múlẹ̀, ìyá méjì ni ó bá tí wọ́n jókòó ti ara wọn nídìí ààrò. Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. Kò la ẹnu. Ó fi ọwọ́ béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì rọra ṣe é kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́.

"Lọ́tẹ̀ yìí, o kò sọ pé kí n lọ wẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo gbà."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀. Akọ̀wé ìgbéyàwó béèrè lọ́wọ́ ìyá ìyàwó bóyá ó fọwọ́ sí i. Ìyá náà dìde, ó sì fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ pẹ́. Gbogbo ènìyàn yíjú sí ìyàwó kí ó túmọ̀ rẹ̀, bí ó ti ń ṣe láti kékeré, ṣùgbọ́n omijé ti dí ojú rẹ̀.

Ìyá ọkọ ni ó dìde, ẹni tó ti ń lọ sídìí ààrò lójoojúmọ́ láti oṣù márùn-ún.

"Wọ́n ní láti ìgbà tí ọmọ yìí ti lè dúró ni ó ti jẹ́ etí àwọn," ni aránṣọ wí, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ní kí ó sinmi wàyí. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíràn."

"Ta ni ẹni náà?" ni akọ̀wé béèrè, bírò rẹ̀ wà lórí ìwé.

"Èmi ni," ni aránṣọ wí, ó sì fi ọwọ́ sọ ọ́ pọ̀.