Orúkọ Tí Bánkọ́lé Ní Kí Wọ́n Yọ

Bíró náà kò kọ̀wé lórí orúkọ yẹn. Lórí àwọn tó kù, geere ló ń lọ. Láti àárọ̀ ni Bánkọ́lé Ilésanmí ti ń fi yíǹkì pupa fagi lé orúkọ àwọn èèyàn: alágbẹ̀dẹ tó rọ irin agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà kan tó kú sẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin tó gbẹ́ kànga tí àdúgbò mu fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé orí "Màmá Beatrice, agbẹ̀bí," ẹnu bíró a gbẹ. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó fi kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó kọ. Ó dá a padà sórí bébà, kò kọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀, sà," ni Yétúndé sọ ní ohùn kẹ́lẹ́.

Tíṣà ni Yétúndé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlúpéjú, òun sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ìlú gbé kalẹ̀ lọ́dún 2004 láti pinnu ohun tí wọn yóò kọ sórí ìkànnì ayélujára tuntun tí ìlú fẹ́ ní. Bánkọ́lé ni alága. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe ní Èkó, ó máa ń fi imú sọ òyìnbó, ìlú sì gbà pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ báyẹn yóò gbọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù, wọ́n ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé yẹn.

"Ta ni yóò jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa ka ìtàn ìyá arúgbó tó ń fi abẹ́ gé ìwọ́ ọmọ?" ni Bánkọ́lé bi í. "Kí wọ́n lè mọ̀ pé inú igbó la ti wá?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa bọ́ sí, sà. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀yin náà bọ́ sí kí ó tó kú."

Bánkọ́lé yínmú. "Ọwọ́ yòówù kí n bọ́ sí, èmi ni mo sọ ara mi dèèyàn."

Ó fa ibi tí orúkọ náà wà ya kúrò lára bébà, ó rún un, ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé jáde. Bí ó ṣe yọ èyí tó yọ tán, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lábẹ́ "Àwọn Èèyàn Pàtàkì Ìlú Wa": Bánkọ́lé Ilésanmí, ọkùnrin tí kò gbin igi ẹyọ kan sí ìlú náà rí, pẹ̀lú àwòrán mẹ́ta, ọ̀kan nínú aṣọ oyè yunifásítì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sí kàfé Akínlolú ní Ìdó. Akínlolú ló ń bá wọn to ìkànnì náà, ó sì ti tẹ gbogbo orúkọ ti àkọ́kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ti yọ àwọn tó kù. Ó kan ti Màmá Beatrice, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé kí n yọ ọ́ pátápátá, sà?"

"Sún kúrò níbẹ̀, jàre."

Bánkọ́lé fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òórùn àdín gba gbogbo inú yàrá náà, àdín tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Ọwọ́ méjì tó lọ́wọ́ọ́rọ́, tó sì rin fún omi, di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gba ohun ẹlẹgẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tú u sílẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni pé ó ń já bọ́ láti òkè. Ó yí padà gìrì, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Akínlolú wí. Ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Kọ̀ǹpútà wo lẹ fẹ́ lò?"

"Àbí orí rẹ dàrú ni?"

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ibi tí àwòrán rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà funfun báláú. Ó bú Akínlolú ní aláìmọ̀kan, ó sì bínú jáde.

Ó gun ọ̀kadà padà sí Ìlúpéjú. Yétúndé wà lẹ́nu géètì ilé ìwé, ó kúnlẹ̀ kí i bí àlejò. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ ń bèèrè?"

"Yétúndé, má bá mi ṣe irú eré yẹn."

Obìnrin náà fà sẹ́yìn. "Níbo lẹ ti mọ orúkọ mi, sà?"

Ó pòṣé. Ó gbà pé wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ láti fi òun ṣẹ̀sín. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ohùn tó ti ń gbọ́ lórí ìrọ̀rí fún ọdún mọ́kànlá dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣi nọ́ńbà pè," ó sì pa á. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Aládùúgbò kan nahùn láti òdìkejì pé, "Ìyá Olúyẹmí, ẹ gbàlejò o!" Olúyẹmí ni àbúrò Bánkọ́lé. Láti ọdún méjìlélógójì, Ìyá Bánkọ́lé ni gbogbo ìlú ń pe obìnrin yìí.

"Màmá, èmi ni."

"Ẹ wọ ulé. Ta lẹ̀yin ń wá?"

Ìyá tó bí i ló ń pè é ní ẹ̀yin.

"Bánkọ́lé ni. Àkọ́bí yín."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín? Inú ara mi nìkan ni mo ti ń pè é."

Ó dìde, ó ṣíwájú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Òkìtì kékeré kan wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n fi òkúta yí i ká, koríko ti hù bo àwọn òkúta náà.

"Ibí ló wà," ó ní. "Ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí rẹ̀, ó há. Mo ránṣẹ́ sí Màmá Beatrice. Ó wá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà."

"Kí ló dé tó fi padà?" Ohùn Bánkọ́lé kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ.

"Ó ní ọmọ inú mi ló lé òun. Ó ní láti inú mi ló ti sọ pé, 'Sún kúrò níbẹ̀, jàre,' ohùn àgbà ọkùnrin sì ni."

Bánkọ́lé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àwọn òkúta náà. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá náà, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ má sunkún, ọmọ ọlọ́mọ," ó ní. "Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló bí yín?"