Orúkọ Tí Mùíbì Ń Pè Kó Tó Ju Bọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1960, bọ́ọ̀lù irin Mùíbì fò kọjá gbogbo àwọn tó ń ṣe pẹtánkì, eré bọ́ọ̀lù irin jíjù ti àwọn Faransé, ní àdúgbò Gbégamey ní Kútọnu, ó yí wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Ràṣídátù, ọmọbìnrin aránṣọ kan. Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú. Ègé aṣọ àsíá ṣì wà lórí itan ọmọbìnrin náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù náà, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń dán níwájú orí rẹ̀.

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ pa ni, àbí ẹ̀rọ mi?"

"Ẹ má bínú. Igi róbótó kékeré tó wà lórí yanrìn yẹn ni mo fẹ́ kó súnmọ́."

"Ẹ wá a jìnnà o!"

Mùíbì náà rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́rin tó ti dé Kútọnu láti Kétu láti wá kọ́ṣẹ́ àga kíkàn, orí pákó ló ń sùn, kò sì sẹ́ni tó bá a ṣẹ̀fẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá kí i. Ó jẹ́wọ́ fún un pé bí òun bá ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ọkàn òun a sá lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran.

"Bí mo bá ń ránṣọ, n kì í wo abẹ́rẹ́," ni Ràṣídátù wí. "Ibi tó ń lọ ni mò ń wò. Ìwọ náà, yan ojú kan lórí yanrìn, kó o sì pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ ahọ́n, kí ọkàn rẹ má baà rìn."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Wá tìrẹ, olóríkunkun mi."

Ó wá tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ síbi tó rán an, débi pé Bàbá Sàní, bàbá Ràṣídátù, mú un ní ẹnìkejì rẹ̀ lórí pápá. Bàbá kò mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra. Ó ti ṣèlérí ọmọ náà fún Làmídì, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ará Ṣakété.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejìlá, Bàbá Sàní àti Mùíbì kojú Làmídì àti ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n ta ọ̀mì títí ó fi ku bọ́ọ̀lù kan, ti Mùíbì. Bàbá Sàní wá dúró tì í.

"Ètè rẹ máa ń mì kó o tó jù ú. Àdúrà wo nìyẹn?"

"Àdúrà… àdúrà ni, Bàbá."

"Sọ ọ́ sókè, kí n ṣe àmín!"

Ràṣídátù dá ẹ̀rọ dúró. Bí Mùíbì bá purọ́, Làmídì yóò gbé ọmọbìnrin náà níyàwó. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n lè lé e kúrò lójúde wọn títí láé.

Ó tẹjú mọ́ yanrìn.

"Ràṣídátù!" Ó ju bọ́ọ̀lù.

"Àmín!" ni Bàbá Sàní ké, kó tó mọ ohun tó gbọ́.

Kò sẹ́ni tó wo ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀. Ẹ̀rín gba pápá kan. Ojú Bàbá Sàní le.

"Ràṣídátù! O gbọ́ ohun tó wí?"

"Bàbá, èmi ni mo kọ́ ọ."

Làmídì nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Bàbá, ẹ ti ṣe àmín lójú gbogbo wa. Èmi ò lè fẹ́ àdúrà ẹlòmíràn."

Bàbá Sàní wo ọmọ rẹ̀, ó wo Mùíbì, ó mí kanlẹ̀. "Ní kí àwọn èèyàn rẹ wá láti Kétu, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́."

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì.

Láti ìgbà náà, Mùíbì ń pe orúkọ yẹn tàárọ̀ talẹ́: Ràṣídátù, ṣé o jí ire? Ràṣídátù, omi dà? Bó bá wá pè é lórí pápá, ẹ̀rín a pa á, ọkàn rẹ̀ a sá lọ sílé. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn, kò rí. Bàbá Sàní mú ẹlòmíràn ní ẹnìkejì. Mùíbì kò tún borí nínú pẹtánkì mọ́.