Ẹrẹ̀ Tí Mo Nù Sídìí Igi

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," Duarte wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Igi tó ti kú lásán-làsàn ló ń lé Iria sá."

Ọmọ àbúrò màmá mi ni Duarte. Ó ní alùpùpù, ó sì rò pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó òun ní gbogbo agbègbè wa, Alentejo. Èmi ni Iria, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Oṣù kejì ọdún ni, òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìkùukùu sì bo ilẹ̀. A dúró létí odò kékeré tó wà láàárín ilẹ̀ bàbá àgbà mi àti ibi tí àwọn ará abúlé wa ń pè ní Àfonífojì Òkú.

Mo fo odò náà, Duarte sì tẹ̀ lé mi. Kì í ṣe pé ó wù mí. Mi ò kàn fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé ni.

Ibẹ̀ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Igi óákù tó lé ní igba ló dúró síbẹ̀, gbogbo wọn ti kú, èèpo ti bọ́ lára wọn, wọ́n funfun bí eegun. Kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò. Duarte pariwo orúkọ mi kó lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe dún padà. Kò dún padà. Àfi bíi pé ilẹ̀ gbé e mì. Ó ya fọ́tò mẹ́ta, ó ní òtútù ń mú òun, ó sì gba ojú títì lọ lórí alùpùpù rẹ̀.

Òfin kan wà ní ilẹ̀ Anselmo, bàbá àgbà mi. Ẹni tó bá ti òdìkejì odò bọ̀ gbọ́dọ̀ fọ bàtà rẹ̀ nínú báàfù omi apakòkòrò tó wà lẹ́nu géètì, torí inú ẹrẹ̀ ni àrùn tó pa àwọn igi yẹn ń gbé. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá àgbà ti fi ń tọ́jú ilẹ̀ náà. Kì í fi katakata túlẹ̀ mọ́, kó má baà gé gbòǹgbò. Ojoojúmọ́ ló ń kó àgùntàn kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, kí wọ́n má baà tẹ ilẹ̀ le. Ó ń gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ó ń dà á sídìí igi. Àwọn igi àtijọ́ tí gbogbo ayé ti sọ pé ó ti parí fún wọn ti ń yọ ewé tuntun.

Mo dé géètì, mo rí Tibúrcio, olùṣọ́ àgùntàn wa, lókèèrè. Bó bá rí mi tí mò ń fọ bàtà, yóò mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Mo kọjá láì fọ̀ ọ́. Mo jókòó sábẹ́ igi àkọ́kọ́ títí ó fi lọ. Mo dúró díẹ̀ lábẹ́ èyí tó wà nítòsí ọgbà àgùntàn. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, mo mú igi kékeré kan, mo sì ha gbogbo ẹrẹ̀ náà kúrò sídìí igi óákù ńlá tí à ń pè ní Ìyá Àgbà. Bàtà mi mọ́ tónítóní. Bàbá àgbà tiẹ̀ yìn mí pé mo ti ń dàgbà.

Ní oṣù keje, igi tó wà lẹ́nu géètì kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ewé rẹ̀ di àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú pákó, ṣùgbọ́n wọn ò já bọ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, wọ́n á máa dún bí ẹni tó ń rìn lórí bébà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èyí tó wà nítòsí ọgbà àgùntàn náà kú.

Nǹkan kan ń tọ ipasẹ̀ mi, ó ń dúró níbi tí mo dúró sí. Gbogbo ilé ń béèrè èwo ló kàn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá àgbà di ẹ̀bi ru Tibúrcio, torí òun nìkan ló máa ń kọjá odò lọ wá àgùntàn tó bá sọnù.

"Ṣé o fọ bàtà rẹ?"

"Mo fọ̀ ọ́, ọ̀gá."

"Ta ló wá gbé e wọlé? Èmi?"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Tibúrcio ti bá wa ṣiṣẹ́. Bàbá àgbà ní kó má wá mọ́. Tibúrcio pe ajá rẹ̀, ó lọ. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ búrẹ́dì. Mi ò la ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹjọ, mò ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Kò sí atẹ́gùn rárá, aṣọ ò mì. Mo gbọ́ ìró bébà yẹn lókè orí mi. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni, èyí tó nà sórí ibi tí mo ti ha ẹrẹ̀. Ewé rẹ̀ ti gbẹ, ó ń dún, ìyókù dákẹ́.

Mo sáré wọlé. Bàbá àgbà ń gé bàrà olómi.

"Bàbá, èmi ni. Kì í ṣe Tibúrcio."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò bú mi. "Ibo lo tẹ̀?" ló béèrè.

Ó ní kí n tún ọ̀nà náà rìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ níbi gbogbo tí mo bá tọ́ka sí. A fi wáyà yí gbogbo rẹ̀ ká. Èèyàn ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, àgùntàn ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ó ní ká ní mo sọ ọ́ lóṣù kejì ni, ṣọ́bìrì kan ì bá ti kó ẹrẹ̀ náà kúrò kí òjò tó gbé e wọlẹ̀.

Ìdajì Ìyá Àgbà kú. Ìdajì kejì ṣì ń yọ ewé.

Èmi àti bàbá àgbà lọ bẹ Tibúrcio nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó fún mi lómi mu. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí bàbá àgbà.

"Anselmo, o mọ gbòǹgbò gbogbo igi rẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, o ò mọ̀ mí."

Kò padà wá. Agbo ẹlòmíràn ló ń dà báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Àgbà ní bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun búburú a máa yọ́ni ṣe. Àṣìṣe ọjọ́ kan ni pé mo fo odò. Oṣù mẹ́fà tí mo fi pa ẹnu mọ́ ló pa igi, òun ló sì lé èèyàn rere lọ. Bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí ṣọ́bìrì kan ṣì lè kó o kúrò.